Ọkọ Tuntun fún Ẹja Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé yín. Ẹ má bínú pé mi ò kọ̀wé láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ẹ mọ̀ mí, ìgbà tí nǹkan bá ń yọ mí lẹ́nu ni mo máa ń mú bírò, nǹkan sì ń yọ mí lẹ́nu gan-an báyìí. Ọkùnrin kan ń wá sílé wa ní Alabar ní Kumasi níbí. Ó ní ẹja yín lòun ń wá wò. Mi ò gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹja. Nígbà tí ẹ lọ, àwọn méjì tó wà nínú gíláàsì omi iyọ̀ yín nínú pálọ̀ wà ní àlàáfíà, tọkọtaya olómi ọsàn onílà funfun yẹn. Iyùn òkun yín, ẹ̀dá tó ń hù bí òdòdó yẹn, náà wà láàyè lórí òkúta rẹ̀, ó ń mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mò ń po iyọ̀ òkun mọ́ omi bí ẹ ṣe kọ́ mi, mi ò fi iyọ̀ ọbẹ̀ dánrawò. Àmọ́ nígbà ọyẹ́, dúmsɔ̀ mú wa. Iná lọ, kò dé, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́, kí a sì tó rí jẹnẹrétọ̀ yá, èyí kékeré nínú wọn ti ń léfòó. Ọkọ nìyẹn. Ìyàwó, èyí ńlá tó máa ń yé ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ló kù.

Bàbá, ẹja náà kọ oúnjẹ. Ó wọ igun kan, ó kọjú sí gíláàsì, kò kúrò níbẹ̀. Màámi náà ò fẹ́ẹ́ jẹun nígbà yẹn, wọ́n ṣì ń ṣe opó yín. Wọ́n á fa àga sídìí gíláàsì, àwọn méjèèjì á máa wo ara wọn títí oòrùn á fi wọ̀. Ojú mi ò gbà á. Mo ní bí mi ò bá lè wá nǹkan ṣe sí ti Màámi, màá wá ọkọ fún ti ẹja.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń wádìí ẹja kí ẹ tó rà á? Ẹni tó bá gbọ́ yín á rò pé ẹ fẹ́ fọmọ fún ìdílé kan ni. Kí ló ń jẹ? Ta ló máa ń bá jà? Báwo ló ṣe máa ń tóbi tó? Ẹ kọ ẹja pẹlẹbẹ aláwọ̀ ìyeyè tí mo fẹ́ràn, nítorí pé iyùn loúnjẹ rẹ̀. Ẹ kọ aláró kékeré nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé bá a ló máa ń lé kiri. Ẹ kọ èyí tó ní abẹ nídìí ìrù, ẹ ní bó bá dàgbà, inú gíláàsì wa á dà bí ẹ̀wọ̀n fún un. Ẹ ní nínú omi tó fẹ̀ bí òkun, ẹni tí wọ́n ń lé á sá lọ, àmọ́ nínú omi tí kò ju àpótí aṣọ lọ, ibo ló fẹ́ sá sí? Ìfura loògùn àgbà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mo sì gbọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa.

Pẹ̀lú ìfura yẹn ni mo fi wọ ọkọ̀ tró-tró lọ sí Santasi, sọ́dọ̀ Ráfíù, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí síbí, tí ẹ máa ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wádìí títí ó fi jókòó. Ó wá nawọ́ sí ẹja kan tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ.

"Sístà, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, kékeré yìí ni kẹ́ ẹ mú. Nínú irú wọn, ìyàwó ló máa ń jẹ́ ńlá. Bí ẹ bá mú èyí tó tóbi bíi ti ìyàwó, wọ́n á ṣe ara wọn léṣe, wallahi."

Mo ní ẹ̀n-ẹ́n. Ó rí obìnrin, ó fẹ́ ta aràrá fún un. Níbo ni wọ́n ti ń mú ọmọdé fún àgbàlagbà opó? Ọkọ gbọ́dọ̀ ju ìyàwó lọ, ì báà jẹ́ ọdún kan péré. Bí a ṣe bá a nìyẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí a sì ṣe gbé e wá sí Kumasi nìyẹn. Pé èyí àkọ́kọ́ kéré sí i, mo gbà pé àṣìṣe ẹni tó tà á fún yín ni, Ráfíù kan náà yìí. Mo mú èyí tó sanra jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo gbé e délé bí ẹni gbé ọkọ ìyàwó bọ̀.

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsìrì, àwọn ẹja méjèèjì ti fa ara wọn ní lẹbẹ ya. Ìró àga Màámi tó ṣubú ni mo gbọ́, nígbà tí mo sì wọlé, Màámi ti ki ṣíbí ìbọbẹ̀ bọ omi, wọ́n ń fi là wọ́n níjà. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pe Ráfíù, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn tí mo bá ń ròyìn rẹ̀ fún yín.

Ó dé pẹ̀lú taksí. Kò bá mi wí. Ó kó alágídí náà sínú ọ̀rá, ó yọ èyí kékeré tó ti fẹ́ fún mi tẹ́lẹ̀ jáde, ó wá bèèrè bóyá a ní ajere rọ́bà. Ṣé ó yẹ kí wọ́n bèèrè ajere rọ́bà nílé ẹni tó ń ta rọ́bà ní ọjà Race Course? Mo mú tuntun fún un. Ó gbé e léfòó sínú gíláàsì, ó fi ọkọ kékeré náà sínú rẹ̀. Omi ń gba ihò ajere kọjá, wọ́n ń rí ara wọn, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò lè gé ẹnikẹ́ni jẹ. Nígbà tí a tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ níwájú èyí ńlá, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, bí ọkọ ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ fún àna. Èyí ńlá yí i po. Ó fi í sílẹ̀. Ó jẹun lọ́jọ́ náà. Màámi náà jẹun.

Nítorí náà ẹja ti rí ọkọ. Kí wá ni Ráfíù tún ń wá?

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ò gbọdọ̀ kọjá kó má yà. Lákọ̀ọ́kọ́, iyọ̀ inú omi ló wá wọ̀n. Lẹ́yìn náà ó gbé ìgbín òkun kékeré wá, ó ní á máa jẹ ewédò ara gíláàsì. Lẹ́yìn náà ó ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ní gbogbo ìgbà tí Màámi fi ń ṣe opó, kò sẹ́ni tó rí i bí ọkùnrin àlejò, nítorí pé ẹja ló ń wò. Nígbà tí opó parí, tíì bẹ̀rẹ̀. Mo mọ bí àyẹ̀wò ẹja ṣe máa ń pẹ́ tó, kò tó kọ́ọ̀bù tíì méjì. Ó sì ń fín lọ́fíńdà. Bàbá, ta ló ń fín lọ́fíńdà nítorí ẹja?

Mo bá sọ ara mi di ajere. Bó bá jókòó, màá jókòó sáàárín wọn. Màámi á bi mí bóyá wọ́n ti ti ọjà pa ni. Màá ní mo fẹ́ sinmi díẹ̀.

Mo wá ṣe ohun tí ẹ̀yin náà ìbá ṣe. Mo lọ wádìí rẹ̀. Obìnrin tó ń ta kẹ́ńkẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní, "Ɔyɛ onipa pa." Èèyàn dáadáa ni. Mo bi Lèmọ́mù àdúgbò rẹ̀, ìyẹn ní kò ní àléébù àfi pé ó máa ń sùn nígbà wáàsí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà ní Accra, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Mo wá a títí, ìkòkò mi ṣófo. Mo tún padà sọ́dọ̀ oníkẹ́ńkẹ́, láti wò ó bóyá Ráfíù ti fún un ní ẹ̀bùn kó lè yin òun. Obìnrin náà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní kí n ra kẹ́ńkẹ́ tàbí kí n kọjá.

Ohun kan ṣoṣo ni mo rí mú. Màámi jù ú lọ. Ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, Màámi ti ń lọ ilé kéwú. Mo gbé e délé bí ẹni tó rí olè mú.

"Màámi, ẹ jù ú lọ."

"Aane, mo mọ̀. Ìyàwó àkọ́kọ́ Ànọ́bì náà jù wọ́n lọ. Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní kéwú báyìí? Ẹja bàbá rẹ ńkọ́, ṣé kò jẹun?"

"Ẹja kì í ṣe Mùsùlùmí, Màámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di gèlè mú. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán lójú wọn, wọ́n ní Ráfíù ti rán àgbà sí Bàbá Kékeré, àbúrò yín, pé òun fẹ́ mú àwọn ẹbí òun wá tọrọ ìyàwó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ mi. "Bí o bá ní daabi, pé o ò fẹ́, daabi náà ni. Mi ò ní lọ sí Santasi kí ojú ọmọ mi máa pọ́n lẹ́yìn mi." Wọn ò sọ ọ́ bí ẹni ń halẹ̀. Ìbá sàn fún mi ká ní wọ́n halẹ̀.

Ẹ̀yin náà, mò ń fura sí yín. Nígbà àìsàn yín, ìgbàkígbà tí Ráfíù bá ti gbé iyọ̀ wá, ẹ máa ń rán mi níṣẹ́ lọ sọ́jà. Iyọ̀ wo lẹ ń jíròrò tí èmi ò gbọdọ̀ gbọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó máa bojú tó ilé? Ṣé ẹ wádìí rẹ̀ ṣáájú mi, tí ẹ sì ti fún un lésì? Mo bi Ráfíù. Ó wolẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti lọ wà láàárín òun àti Ọlọ́run rẹ̀. Ẹni tí kò bá fi nǹkan pamọ́ kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Jímọ̀ tó kọjá, mo ní mò ń lọ gbé omi sórí iná. Mi ò gbé nǹkan kan. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo dúró sí. Mo retí kó bèèrè ọ̀rọ̀ ilé, tàbí ti ṣọ́ọ̀bù, kí n lè jáde sí i. Kò bèèrè. Ẹ̀yin ló ń bèèrè. Ó ní kí Màámi sọ bí ẹ ṣe pàdé, Màámi sì ń sọ ọ́, bí ẹ ṣe wọ bàtà tó fún yín lẹ́sẹ̀ wá tọrọ wọn, tí ẹ sì bọ́ ọ nígbà tí àwọn àgbà ń ṣàdúà, tí ẹ ò rí i wọ̀ mọ́, tí ẹ rìn délé láìwọ bàtà. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Màámi dárúkọ yín léraléra, wọn ò sunkún. Èmi àti wọn kì í dárúkọ yín nínú ilé yìí, Bàbá, láti ọjọ́ tí a ti sin yín. Bí orúkọ náà bá fẹ́ jáde, ọ̀kan nínú wa á dìde.

Mo dúró síbẹ̀, ó sì yé mi pé kì í ṣe olè ni mò ń wá lára ọkùnrin náà. Mò ń wá ohun tí kò ní jẹ́ kí Màámi lọ. Ká ní èèyàn burúkú ni, ọkàn mi ìbá balẹ̀.

Mo ti pe Bàbá Kékeré. Mo ní kí àwọn èèyàn Ráfíù máa bọ̀. Mo ní kò sí àléébù tí mo rí.

Màámi á lọ sí Santasi, á sì dáa fún wọn, mo ti mọ̀. Wọ́n á máa dárúkọ yín níbẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èmi ńkọ́, Bàbá? Nínú ilé yìí tí ẹ kọ́, ta ni mo fẹ́ máa bá dárúkọ yín?

Èmi ni,
àkọ́bí yín, tí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni tó bí ó ṣe fọkàn tán yín.