Ẹ̀yin Gan-an Ni Lédì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ojú ń tì mí láti kọ ìwé yìí sí yín. Ẹ ti fi ayé sílẹ̀ kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀, ẹ kò mọ̀ pé Ìlọrin ni mo wà báyìí, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lédì ni wọ́n ń pè mí níbí o. Ó sì ń dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Àbúrò yín, Ìyá Kékeré, tó ń bójú tó ààrò búrẹ́dì yín ní Ọ̀mù-Àrán, wá kí mi lọ́jọ́ tí a ń pín ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ iléèwé. Wọ́n ru agbọ̀n búrẹ́dì sórí, fúláwà ṣì wà ní èékánná wọn, òórùn èéfín sì wà lára aṣọ wọn. Wọ́n pariwo orúkọ mi láàárín àwọn àlejò. Ìyàwó ọ̀gá ìjọba kan jókòó tì mí, ó yíjú wò mí, ó fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Màámi, mo ní oníbúrẹ́dì kan ni. Mo tọwọ́ bọ báàgì, mo na owó sí wọn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bùn ni wọ́n gbé wá fún mi.

Wọ́n gba owó náà. Wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní ẹ ṣé, mà. Ẹni tó wẹ̀ mí, tó pọ̀n mí, ló wá ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí n kò sáré tẹ̀ lé wọn? Mo jókòó, mo ń rẹ́rìn-ín, títí wọ́n fi jáde ní géètì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ kíláàsì mi kan bi mí níbi tí ọ̀rọ̀ náà, lédì, ti wá. N kò mọ̀. Mo lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan. Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ so pọ̀: búrẹ́dì, àti ẹni tó ń pò ó. Obìnrin tó ń po fúláwà fún agboolé ni lédì. Lẹ́yìn náà ló di ìyàwó ọlọ́lá, kó tó wá di ti gbogbo àwa tí a wọ bàtà gogoro. Ẹ tún gbọ́: lọ́ọ̀dù, ẹni tó ń ṣọ́ búrẹ́dì ni. Bàbá, tó máa ń fi igi lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ààrò! Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́ tí ẹkún fi gbà á. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń da ẹmu díẹ̀ sí fúláwà kó lè wú, tí ẹ ó sì bẹ̀ mí kí n má sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ tèmi kò po fúláwà rí. Ẹ kò jẹ́; ẹ ní ìwé ni kí n gbájú mọ́.

Sátidé ni mo ń lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Ṣé Ìyá Kékeré á gbà kí n wọlé? N kò bẹ̀rù ìbínú wọn. Bí ẹ bá lè dé ọ̀dọ̀ wọn lójú àlá, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n bú mi. Kí wọ́n fọ́ mi létí pàápàá. Kí wọ́n ṣáà ti pè mí ní ìwọ.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tó fẹ́ràn yín.