Odò Inú Géèmù Tóbilọ́ba

Dagenham Village,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn iṣẹ́.

Tóbilọ́ba ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ẹni tí ẹ jọ ń gbé ilé ní Manchester, ẹni tó máa ń mu mílíìkì rẹ tán láìsọ. Olúwa tó mú ọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀. Àlàáfíà ni èmi àti ìyá rẹ wà, àfi orúnkún mi, ìyẹn náà sì ti mọ́ wa lára. Mo mọ̀ pé kíka Yorùbá kì í yá ọ lẹ́nu, nítorí náà kà á sókè, wàá gbọ́ ohùn mi nínú rẹ̀.

Ilé kò yí padà. Village ṣì ni wọ́n ń pe àdúgbò wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ní adìyẹ kan níbẹ̀. Èmi ṣì wà ní ilé ìkẹ́rùsí ní River Road, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí odò. Ìyá rẹ fẹ́ tún yàrá rẹ ṣe, ó ní kí n gbé ẹ̀rọ géèmù tó o fi sílẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo géèmù tí ilé iṣẹ́ yín ṣe, èyí tí o ṣe orin rẹ̀, kí a má baà fi iṣẹ́ ọmọ wa tọrẹ láìmọ̀. Ibẹ̀ ni mo ṣì wà títí di òní.

Nínú géèmù náà, obìnrin kan ló gbé àtùpà, ó ń wá ilé àbúrò rẹ̀, mi ò mọ ìdí tí kò fi pè é lórí fóònù. Mo tẹ páàdì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ títí mo fi mú un dé etí odò. Bàbá arúgbó kan jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. O mọ̀ pé mi ò lè gba iwájú àgbà kọjá láìkí i, mo bá kí i. Ó ní omi ti kún. Mo tún kí i, ó tún ní omi ti kún. Mo rò pé inú ń bí i ni, bóyá nítorí pé ọwọ́ lásán ni mo bá dé. Ìyá rẹ yọjú láti kíṣìnì, ó ní bàbá tòun tó wà láàyè kò rí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi rí.

Afárá kan wà lẹ́yìn bàbá náà, nǹkan dúdú kan sì wà lórí rẹ̀ tó máa ń gbá mi sómi. Ó gbá mi títí ó fi sú mi, mo gbé páàdì sílẹ̀ láti bọ́ bàtà iṣẹ́, ìgbà yẹn ni mo gbọ́ orin náà. Tí ènìyàn kò bá tẹ nǹkan kan, orin odò yẹn máa ń jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọjú wò bóyá àlejò ti lọ. Orin ibòmíràn nínú géèmù náà ń sáré, mi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn wọn, má bínú. Ṣùgbọ́n nínú ti odò yẹn, ìró kan wà nísàlẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì mọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà mi ò gbìyànjú afárá mọ́. Bí mo bá ti iṣẹ́ dé, màá mú obìnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yẹn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì máa gbọ́ orin.

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ mi tí ẹgbẹ́ kan ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tí mo wà ní girama, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ojú kejì ni orin tó dára jù níbẹ̀ wà, níparí, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pa rédíò. Mo máa ń rò pé àwo orin tí wọn kò mọ̀ dà bí ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe pé kò lè kọrin. Bóyá àṣìrò ni. Èmi náà ń jókòó sẹ́yìn.

Ni mo bá wá àwo orin tìrẹ, èyí tí orin odò wà nínú rẹ̀, lórí fóònù. Iye àwọn tó ń gbọ́ ọ wà lábẹ́ orúkọ rẹ, wọn kò kún bọ́ọ̀sì kan. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tó jókòó lásìkò náà nìyẹn, pé àwọn yòókù wà níbi iṣẹ́. Mo fi fóònù sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi ní River Road, mo jẹ́ kó máa kọrin láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ kí iye náà lè gòkè. Kò gòkè. Ó jọ pé bí ẹnì kan ṣe wù kó jẹun tó, ẹnì kan náà ni wọ́n á kà.

Ìyẹn ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. O mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, àwo orin tí a kò fi lọ́lẹ̀ dà bí ọmọ tí a kò sọ lórúkọ, alága gbọ́dọ̀ wà, ẹni tó máa gbé àwo sókè gbọ́dọ̀ wà. Bàbá Ọlábọ̀dé onítakisí gbà láti ṣe alága, ṣùgbọ́n ó bi mí pé kí ni òun máa gbé sókè nígbà tó jẹ́ inú fóònù ni orin wà, ṣé kí òun na fóònù sókè bí ẹni tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo bá gé páálí róbótó, mo lẹ orúkọ rẹ mọ́ ọn. Mo gbé orin náà lọ fún Màmá Magdalene tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Ó dijú, ó gbọ́ orin odò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó lajú, ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin náà wàyí. Mo ní ó ti parí. Ó ní ta ló kọ ọ́. Mo ní kò sẹ́ni tó kọ ọ́, kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ó ní Bàbá Tóbi, ẹ tẹ́ ẹní de olórin, olórin ò dé, ẹ wá fẹ́ fi ẹní lọ́lẹ̀. Ó ní kò burú, àwọn akọrin òun á fi ọ̀rọ̀ ìyìn sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Báńà ìfilọ́lẹ̀ tí mo ní kí wọ́n tẹ̀ ti dé kí n tó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Èsì rẹ kúrú, o ní Daddy, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ẹ, orin yẹn kì í ṣe ti èrò. Láti ìgbà náà o kò gbé fóònù mi mọ́. Ìyá rẹ bi mí pé ṣé mo béèrè lọ́wọ́ rẹ kí n tó pe alága. Mi ò béèrè. Ó ní mo ti sọ ọmọ lórúkọ láìjẹ́ kí ẹni tó bí i mọ̀. Mi ò sì mọ̀ mọ́ bóyá nítorí tìrẹ ni mo ṣe fẹ́ ẹ, tàbí kí wọ́n lè pe èmi ará ẹ̀yìn síwájú lẹ́ẹ̀kan.

Lánàá mo dìde lẹ́yìn ìfilọ̀, mo sọ fún ìjọ pé kò ní sí ìfilọ́lẹ̀ mọ́, pé ẹni tó ni orin kò pè wá, èmi ni mo pe ara mi. Bàbá Ọlábọ̀dé ní ó dáa, ṣùgbọ́n agbádá tí òun ti lọ̀ ńkọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo jókòó. Màmá Magdalene bá mi délé. Ó ní òun kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi sí orin náà, pé gbogbo ìgbà tí òun bá tan án láti kọ ọ̀rọ̀ ni òun máa ń gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń dun òun láti ibi iṣẹ́, òun á sì sùn lọ. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan sí i. Mo tan géèmù, ìyá rẹ náà jókòó, gbogbo wa dúró létí odò.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti ní ẹ̀rọ ìfọṣọ wa nìyẹn. Mo ní èwo. Ó ní ti ilé wa àtijọ́ ní Rippleside, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí a máa ń ki páálí bọ abẹ́ rẹ̀, tí ìwọ máa ń sùn tì ní kékeré, tó o sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù rẹ àkọ́kọ́ tí a rò pé eré ni. Mo tẹ́tí. Òun ni, ó ń tiro lọ, ó ń tiro bọ̀ lábẹ́ omi. Mo wá mọ ìdí tí o fi ní kì í ṣe ti èrò.

Báńà ni mo fi bo kẹ̀kẹ́ níta nítorí òjò. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún mítà iná, nítorí odò náà kì í sùn, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa á kí obìnrin yẹn má padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n má béèrè, mo ti béèrè ná. Olúwa á máa fi ẹni tó lè dákẹ́ gbọ́ orin rẹ pàdé rẹ, ì báà má kún bọ́ọ̀sì. Ọwọ́ rẹ kò ní rọ, etí rẹ kò ní di.

Mi ò ní kọjá afárá yẹn. Bó o bá ráyè, wá mú mi kọjá. Bí o kò bá tíì ráyè, ibi tí mo dúró sí dára, mò ń gbọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.