Ẹsẹ̀ Mẹ́rin fún Olóhùn-Iyọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kọkànlá, 2025. Ìnísà.

Tábìlì Olóhùn-Iyọ̀ ti wó. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ẹ̀rọ tí mo fi ń pọ́n irinṣẹ́ ni mo sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí igbe rẹ̀. Màá kan tábìlì kékeré mìíràn tí yóò gbé e dúró – pákó afárá láti Ìkìrun, ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n yà síta díẹ̀.

Alákòóso pè – Dáraolúwa ọmọ mi, tíṣà ní Ìlọrin. Ó ti gbọ́ pé orúnkún mi tún wú. Ó ní òun ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí n kò bá lè ṣiṣẹ́, òun á ti ṣọ́ọ̀bù, òun á sì gbé mi lọ. Ọmọ tí mo kọ́ ní A, B, D!

Ọjọ́bọ̀, 6.

Mo ya àwòrán tábìlì náà. Gíga, ínṣì mẹ́rìndínlógójì. Bí Bàbá Ojúọlá, ọ̀gá mi, ṣe kọ́ wa ní Òkukù nìyẹn: dúró, ká apá kò, wọn igi dé ìgúnpá rẹ. Bí wọ́n bá bá ọmọṣẹ́ lórí àpótí, igbe ni. "Káfíńtà tó bá jókòó, iṣẹ́ rẹ̀ á sùn!" Àwa méje, lórí ìdúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lẹ́búlẹ́bú pákó nínú irun wa. Ayé dùn nígbà náà, n kò mọ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 9.

Orúnkún. N kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11.

Ó parí. Kò mì rárá. Mo tan ẹ̀rọ, mo gbé ojú ìfági sí i – kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí orúnkún fi yẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n fọwọ́ lé òkúta tó ń yí. Ẹ̀rù bà mí gidi. Ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún ni mo wọn tábìlì yìí fún. Ọkùnrin náà kò sí mọ́.

Ọjọ́rú, 12.

Mo wọkọ̀ lọ kí Bàbá ní Òkukù. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin. Mo ro ẹjọ́ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní nígbà tiwa gan-an lọ́dọ̀ àwọn, ìjókòó ni àwọn fi ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀yìn bá ń dun àwọn. Bí àwọn bá gbúròó ẹsẹ̀ wa, àwọn á yára dìde, àwọn á mú ayùn. "Bí mo bá jókòó, tí ẹ̀yin náà jókòó, ta ni yóò ṣiṣẹ́?" Ọdún mẹ́fà tí mo fi kọ́ṣẹ́, n kò fura! Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 14.

Mo gé ínṣì méjìlá kúrò lára ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí bí ẹni pé tèmi ni.

Àbámẹ́ta, 15.

Mo gbúròó ẹsẹ̀ Alákòóso níta. N kò dìde. Orí àpótí ló bá mi, ẹta iná ń fò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi pọ́n ṣísẹ́lì mẹ́ta. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àtigbé mi lọ sí Ìlọrin. Ó ní àwọn ọ̀bẹ ilé ìdáná òun ti kújú, òun á kó wọn wá bá mi lóṣù tó ń bọ̀.