Fèrèsé Ọkọ̀ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ṣe

Karin ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le, ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Kí Olúwa má jẹ́ kí òtútù Minneapolis mú ọ ju bó ṣe ń mú wa níhìn-ín lọ. Àwa wà láàyè, àwọn màlúù wà láàyè, fèrèsé ọkọ̀ nìkan ló kú.

Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyá rẹ máa ń jókòó ni, gíláàsì já sínú ilẹ̀kùn lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kò sì gòkè mọ́. Mo fi ọ̀rá dí i. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un ní Fargo, ìrìn wákàtí méjì nínú yìnyín, ó sì ní òun ò ní gbé ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sínú afẹ́fẹ́, pé Orville ọkọ àbúrò òun ni yóò gbé òun lọ. Orville! Ọkùnrin tí kò mọ ìyàtọ̀ òòlù àti ṣíbí! Mo ní ó tì o, màá tún un ṣe. Ó ní kí n gbé e fún mẹkáníìkì. Ìwọ náà mọ̀ mí, láti ogójì ọdún tí mo ti ń dáko, mi ò gbé nǹkan fún mẹkáníìkì rí, ìdí nìyẹn tí kò fi sí nǹkan kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nílé wa.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé gíláàsì sókè, wọ́n tú u lára ọkọ̀ àlòkù kan. Mo wá lọ bá ọkùnrin tó ń kọ́ni níṣẹ́ náà nínú fídíò orí fóònù tí o rà fún mi. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò ní sùúrù. Mo kí i, kò dáhùn. Ó ní ká tó bẹ̀rẹ̀, kí n kọ́kọ́ tẹ agogo tó wà nísàlẹ̀, kí fídíò rẹ̀ mìíràn má bàa fò mí. Mo wá agogo nínú ilẹ̀kùn yẹn fún odindi wákàtí kan, kò sí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró kí n mú sípánà wá, kí n tó dé ó ti tú gbogbo rẹ̀ tán. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Orí wáyà ẹ̀rọ náà àti ti ilẹ̀kùn ò bára mu, ni mo bá gé wọn, mo so wọ́n bó ṣe wù mí. Ó sì ṣiṣẹ́! Àfi pé tí o bá tẹ òkè, á sọ̀kalẹ̀, tí o bá tẹ ìsàlẹ̀, á gòkè. Mo sọ fún ìyá rẹ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní nìyẹn. Ó ní, Bàbá Karin, o so ó sódì ni.

Lánàá a gbé ọkọ̀ jáde lọ dán an wò. Ariwo ọ̀rá ti lọ, inú ọkọ̀ pa rọ́rọ́. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti sọ pé ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ yìí ń ba òun, pé láti ọjọ́ yìí lòun ti ń sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rá yẹn, mi ò gbọ́ ni. Ó ní òun kàn fi Orville ṣe bojúbojú ni, òun ò fẹ́ kí n rí omijé òun. Ọmọ mi, ojú tì mí. Gbogbo àkókò yẹn, èmi rò pé fèrèsé là ń bá jà.

Nítorí náà, owó epo tí mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí bèèrè lọ́wọ́ rẹ, má fi ránṣẹ́ mọ́. Fi í ra epo sínú ọkọ̀ tìrẹ, kí o wá bá wa ní Fargo ní Ọjọ́bọ̀. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà, o ò ní rí ibi, ọmọ tìrẹ náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ. Tó o bá dé, di ọwọ́ ìyá rẹ kan mú. Èmi á di ìkejì mú, torí ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Bàbá rẹ,
Delmar