Nítorí Irun Tí Mo Kọ̀ Láti Tú

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín. Mo kí Bàbá, mo kí àwọn àbúrò mi, mo sì kí gbogbo ará ilé wa ní Èkìtì. Mo gbọ́ pé orúnkún Bàbá ti dẹ̀ wọ́n lára díẹ̀. A dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n rántí ìwàásù tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́. Ẹ ní Bọ̀dá Dàpọ̀, ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Òṣogbo, ti sọ fún yín pé mo gbéra ga sí ẹni tí wọ́n bá mi tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kí n lọ kúnlẹ̀. Ẹ ní bí n kò bá lọ, ẹ̀yin fúnra yín yóò wọ ọkọ̀ wá sí Ẹdẹ láti bá mi bẹ̀bẹ̀. N kò fèsì, nítorí irú ìbínú tí mo ń bí kì í ṣe èyí tí a ń sọ lórí fóònù. Mo kọ lẹ́tà yìí sí gbangba, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, nítorí pé gbangba náà ni wọ́n ti ní kí n wá tọrọ àforíjì.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe níbí ni mo ti ń bá ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sán kan ṣiṣẹ́. Bí àwọn ọmọ bá ti jáde ní ilé ìwé, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. Wọ́n á jẹun, wọ́n á ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, a ó sì kọ́ wọn ní ìwé kíkà títí òbí wọn yóò fi ti oko tàbí ìsọ̀ dé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, àwọn ọmọ náà ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní Àǹtí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń gun òkè. Mo ní òótọ́ ni, orí òkè ni wọ́n bí mi sí. Nínú yàrá tí mo ń dá gbé, pàápàá lásìkò ọyẹ́ yìí tí òwúrọ̀ tutù tí kò sí ẹni tí yóò béèrè bí mo ṣe sùn, ẹ̀rín àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni mo ní.

Ìyáàfin tí ó dá ètò náà sílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, kéde pé àwọn àlejò tí ń fi owó ràn wá lọ́wọ́ ń bọ̀ láti òkè òkun. Mọ́mì ní kí ọmọ kankan má wọ bàtà wá, kí wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń yí nínú iyẹ̀pẹ̀, kí àwọn àlejò lè fojú rí ìyà. Mo ṣì ń fi ọ̀wọ̀ pè wọ́n, Ìyá mi. Ẹ̀kọ́ ilé ni, kì í ṣe ìbẹ̀rù.

Onídìrí ni ìyá Tèmítọ́pẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa. Obìnrin náà gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, kò sì gbọ́ ohun mìíràn mọ́. Ilé ta ni a ti ń fi ìdọ̀tí pàdé àlejò? Ó di irun ọmọ náà ní ṣùkú, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ funfun sí i, ó wọ aṣọ Kérésìmesì fún un pẹ̀lú bàtà àti ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tí Mọ́mì rí i, wọ́n bi í pé ṣé ìgbéyàwó ni ó ń lọ ni, àbí bàbá rẹ̀ ti di gómìnà. Ọmọ náà rò pé wọ́n ń yin òun ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ ṣé, Mọ́mì.

Wọ́n wá kọjú sí mi. Wọ́n ní kí n mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé, kí n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, kí n tú irun náà, kí n sì fi ọwọ́ rú u. Wọ́n ní irun lásán ni, ṣebí ìyá rẹ̀ yóò tún un dì.

Mo ní rárá, Mà. N kò pariwo. Mo mú ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sí iwájú ìlà, mo sì dúró tì í títí àwọn àlejò fi dé. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ẹni tí ó di irun tí ó dára tó bẹ́ẹ̀. Tèmítọ́pẹ́ ní màmá òun ni, àti pé bí wọ́n bá fẹ́, màmá òun lè bá àwọn náà dì í. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì náà rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ àlejò kò tíì kúrò ní àdúgbò tí Mọ́mì fi lé èmi àti ọmọ náà jáde. Wọ́n ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí a lè gbà padà ni kí n kúnlẹ̀ níwájú gbogbo òbí, kí n ní mo ṣe àṣìṣe.

Ẹ má rò pé ìyá ọmọ náà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ní èmi lè bínú, nítorí èmi ti kàwé tèmi tán. Ọmọ tòun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n kà ni. Ó ní kí ló dé tí n kò kúkú tú u, ṣebí òun lòun dì í. Nígbà tí ó bi mí ní ohun tí Mọ́mì sọ gan-an, mo sọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, wọ́n fẹ́ kí ọmọ òun jọ ọmọ tí kò ní ìyá. Ó ní bí mo bá lọ bẹ̀ wọ́n, kí n má fi orúkọ ọmọ òun sínú ẹ̀bẹ̀ náà. Láti ọjọ́ kejì ni ó ti ń rán an sí mi lọ́sàn-án. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni a ti ń kàwé, inú oúnjẹ mi ni mo sì ti ń bù fún un.

Nítorí náà, n kò ní lè fi nǹkan ránṣẹ́ lóṣù yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á. Mo ń wá iṣẹ́ mìíràn. Ẹ sọ fún Bọ̀dá Dàpọ̀ pé mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n bá mi wá, wọn kò fi mí ṣe ìwọ̀fà.

Ẹ̀yin náà, ẹ má wá. Bí ẹ bá kúnlẹ̀ níwájú ìyáàfin yẹn, ohun tí ẹ ń tọrọ àforíjì fún ni pé ẹ tọ́ mi dáadáa.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa. Kí ó fún Bàbá lókun ẹsẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí a fi ìtìjú jẹun. Ẹ bá mi kí àwọn ẹbí àti àwọn ọmọ ìjọ.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò ní lọ bẹ̀ wọ́n,
Bọ́sẹ̀dé