Má Dá Kọ́kọ́rọ́ Àwọn Ọmọdé Padà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o ń gbé, mo kí iṣẹ́ tí o ń ṣe. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Olúwa tó ń ṣọ́ àlọ rẹ kò ní fi àbọ̀ rẹ fún ẹlòmíì ṣọ́. Bí o bá bi mí léèrè, àlàáfíà ni mo wà, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jà, ìyẹn náà sì máa ń sinmi nígbà míì. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ti bímọ ọkùnrin, orí ọmọ náà tóbi bíi ti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti gbà á bẹ́ẹ̀. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ṣì ń jò níbi tó ti ń jò. Kí o bá mi kí arábìnrin tó máa ń gbé fóònù rẹ nígbà tí o kò bá sí nílé. Ó mọ̀wé, ohùn rẹ̀ sì tutù, ṣùgbọ́n kì í dúró kí n parí ọ̀rọ̀, ohun kan náà ló sì ń sọ fún mi láti ọdún tó kọjá. Mo ń gbàdúrà kó rí iṣẹ́ mìíràn.

Ohun tó mú kí n fi pẹ́ńsùlù tí mo fi ń fa ìlà sí pákó kọ ìwé yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù, nítorí fóònù gan-an ló dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ tí o pè mí, lẹ́yìn tí a dágbére tán, mi ò tẹ ibi pupa tí wọ́n fi ń pa ìpè. Mi ò tẹ̀ ẹ́ rí láti ọjọ́ tí o ti ra fóònù náà fún mi. Èmi gbà pé bàbá kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀ lójú. Nítorí náà, bí a bá ti dágbére, màá fi ọ́ sínú àpò àyà mi, màá sì máa bá iṣẹ́ lọ, bí mo ṣe ń fá pákó ni màá máa ròyìn pákó náà fún ọ, o kì í dáhùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe lódìkejì ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìwọ lo máa ń pa á lójú ẹsẹ̀, pé àpò mi ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọdún méjì. Mi ò bá a jiyàn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìwọ náà kò pa á. Mo gbọ́ ìró àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ níbi iṣẹ́ yín, mo sì gbọ́ bí o ṣe ń sọ fún obìnrin tó jókòó tì ọ́ pé ó ti di oṣù mẹ́rin tí o ti ń kúnlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan kò jáde lẹ́nu rẹ, pé ó jọ pé o kò sí nínú Kristi mọ́, pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ wàá dá kọ́kọ́rọ́ yàrá tí o ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì padà fún alùfáà yín, kí wọ́n wá olùkọ́ tó jẹ́ onígbàgbọ́ òótọ́. Lẹ́yìn náà o sunkún. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí etí bàbá wà níbẹ̀. Má bínú sí mi. Ìbànújẹ́ mú mi débi pé mo jókòó lé àga tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ, àwọn aládùúgbò méjì ló fà mí kúrò lórí rẹ̀.

Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń kan àga, ohun tí mo mọ̀ ni màá sọ. Tí a bá fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ àga, irin la fi ń dì í mọ́ra di ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ àga náà kò ju kó dúró síbẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ẹni tí kò ní sùúrù, tó ń tú irin wò ní wákàtí wákàtí bóyá ó ti mú. Kò ní mú láé, gọ́ọ̀mù náà kò sì jẹ̀bi. Ọmọ mi, irin lò ń tú wò. O ń yẹ ọkàn rẹ wò láàárọ̀ bóyá ó gbóná, o tún ń yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́. Jésù ní ká máa gbé inú òun, kò ní ká máa wọn ara wa. Ẹ̀ka kì í lọ kí igi láàárọ̀ kó tó padà síbi iṣẹ́. Ara igi ló wà nígbà tó so, ibẹ̀ náà ló wà lọ́jọ́ tí kò ní ewé kan lórí. Tí o bá ń ránṣọ, inú Jésù lo wà. Tí ọ̀gá yín bá ń pariwo lé ọ lórí, inú rẹ̀ náà lo wà, má ṣáà dá a lóhùn bí o ṣe máa ń dá mi lóhùn ní kékeré. Mi ò ní kó o káwọ́ gbera o. Ohun tó ní ká ṣe, máa ṣe é, kó o sì fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn. Ìyókù, ọwọ́ tó di irin mú kì í ṣe ọwọ́ tìrẹ.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín rí. Lọ́dún tí ìyá yín kú, ẹ máa ń yọjú sí yàrá mi láàárọ̀, ẹ ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀, ẹ ó sì rọra padà. Mo gbọ́ tí o sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé bàbá ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Mi ò bá a sọ nǹkan kan. Inú ń bí mi sí i gan-an, ó lé ní ọdún kan tí mo kàn ń kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ níléèwé. Mi ò ṣáà mọ ibòmíì tí mo lè gbé orúnkún mi lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu mi, mo rí i pé mi ò lọ síbì kankan. Inú rẹ̀ náà ni mo ti ń bínú.

Awakọ̀ tó ń kó pákó wá sí ìlú yín ló mú ìwé yìí bọ̀, mo ní kó fi lé ọ lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán an sí mi fún dígí ojú. Lẹ́tà inú Bíbélì ti ń kéré sí i lọ́dọọdún, ó jọ pé àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ń ṣọ́ yíǹkì ná. Kó o fi owó ṣòkòtò kan kún un.

Ọlọ́run tí kò jù mí sílẹ̀ nígbà tí mo yan odì yóò di ìwọ náà mú. Okùn rẹ kò ní já, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo, ojú kò ní tì ọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tètè dé, kó o sì ṣí yàrá náà fún àwọn ọmọdé. Bí ọ̀rọ̀ àdúrà kò bá wá, jókòó sáàárín wọn, kó o ní kí wọ́n gbà á fún ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.