Ọkùnrin Tó Wá Bèèrè Ìwé Ṣíà Bàbá

Gbajúmọ̀, ẹ káàbọ̀ o. Ìrẹsì yín wà nínú kúlà. Ẹ má wulẹ̀ tú àpótí mi. Ìwé ṣíà tí Bàbá rà ní kọ́ńpìnnì elépo rọ̀bì kí wọ́n tó kú ti wà nínú báàgì mi, mo ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Bẹẹrẹ.

Ọkùnrin kan tó de táì ló wá láàárọ̀ yìí, gẹ́rẹ́ tí ẹ̀gbọ́n yín jáde. Ó ní àwọn ní àpò owó kan tí wọ́n fi ń dókòwò epo àti gáàsì, pé ṣíà Bàbá máa di ìlọ́po méjì tí a bá gbé e síbẹ̀, kí n ṣáà lọ mú ìwé rẹ̀ wá. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé Bàbá ní ṣíà. Ó ní inú kọ̀ǹpútà lòun ti rí i, òun ò mọ ẹnì kankan nílé yìí. Mo ní kó máa lọ. Ó wọ bàtà ẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ bá mi kí Gbajúmọ̀ o."

Mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn.

Èmi nìkan ni mo ń pè yín bẹ́ẹ̀, inú ilé yìí náà ni mo sì ti ń pè é. Kọ̀ǹpútà wo ló gbọ́ ìyẹn?

Ọdún méjìlá rèé tí wọ́n ti gbé mi níyàwó wọ agboolé yìí, n ò fẹnu mi pe orúkọ àbúrò ọkọ mi rí.

Afeez, kí lo ti fọwọ́ sí fún un?